Ìbọn Tó Ń Rùn Bí Ẹja Yíyan

Nígbà tí a fẹ́ pààrọ̀ aṣọ bàbá mi àgbà kí a tó tẹ́ wọn sínú pósí, ìyá mi àgbà ti ọwọ́ bọ àpò àyà dàǹṣíkí tí wọ́n wọ̀ gbẹ̀yìn, wọ́n sì fa aṣọ funfun kékeré kan jáde. Wọ́n tú u sí àtẹ́lẹwọ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nínú rẹ̀, kò gùn tó ìka, ó dúdú, òróró sì ń dán lára rẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ ìbọn Ràájí nìyí," ni ìyá àgbà wí. "Ọdún méjì ni bàbá yín fi gbé e kiri. Wọ́n lè gbàgbé Bíbélì sílé, wọn kì í gbàgbé èyí."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ìròyìn ikú àwọn ènìyàn ńlá sínú ìwé ìròyìn l'Ékòó. Orúkọ, oyè, iye ọmọ, ọjọ́ ìsìnkú, ó tán. Bàbá àgbà kò jẹ oyè kankan. Wọ́n ń tún ìbọn ṣe ní Lásúnwọ̀n, ní Ìkòròdú, títí ọwọ́ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí mo bá fẹ́ sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, àfi kí n sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ tí ìbọn kan fi wà ní Ẹ̀pẹ́, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì wà lápò ẹlòmíràn ní Ìkòròdú.

Jeremáyà ni orúkọ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n Bàbá Rọra ni gbogbo Lásúnwọ̀n ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ni wọ́n ń sọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ àtíbàbà páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ẹni tó ń gbé omi kọjá, rọra. Ẹni tó ń tú ìbọn sílẹ̀ lórí tábìlì, rọra. Ìyá àgbà ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn, nígbà tí òun sáré gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì nítorí òjò, ọ̀rọ̀ tí ọkọ òun kọ́kọ́ sọ fún òun níwájú gbogbo ìjọ nìyẹn.

Inú ogun Jámánì àkọ́kọ́ ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n kó wọn lọ sí Kàmẹrúùnù, wọ́n sì fi wọ́n sí ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí, kí wọ́n máa nu ìbọn àwọn tó ń jà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé Ràájí, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Ràájí, ọmọ apẹja láti Ẹ̀pẹ́, tó ń ru àpótí ọta. Àwọn méjèèjì padà wálé láìfarapa, wọ́n sì bá ara wọn ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà náà. Bàbá àgbà kì í sọ ìtàn ogun. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n bóyá wọ́n pa ènìyàn, èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún un: "Ìbọn ni mo nù."

Ọdẹ kan wà ní Ìbẹ̀ṣè tó máa ń gbé ṣakabùlà rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wọn. Ní ọjọ́ kan, irin ìbọn náà há, ọkùnrin náà sì ń kánjú padà sínú oko. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi níbi ìsìnkú.

"Mo ní, Bàbá, ẹ fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀kan, á ṣí. Wọ́n kán òróró sí i lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n mú ọsàn kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Wọ́n fún mi ní ìlàjì. Inú ń bí mi, mo sì ń jẹ ọsàn. Nígbà tí ọsàn tán, wọ́n fi àtàǹpàkò ti irin náà báyìí, ó ṣí. Mo ní, Bàbá, kí lẹ fi sí i?"

Ó rẹ́rìn-ín kó tó sọ ìyókù.

"Wọ́n ní, 'Kò sí nǹkan kan. Ó fẹ́ kí o jókòó ni.'"

Ọdún tí Ọbabìnrin Ìlú Ọba wá kí Nàìjíríà ni Bàbá Ràájí gbé ìbọn tiwọn wá sí Ìkòròdú, nígbà ọyẹ́. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀pẹ́, wọ́n fi ẹní wé ìbọn náà, wọ́n sì gbé e lé itan. Òórùn ẹja yíyan gba inú ọkọ̀. Obìnrin kan tó jókòó tì wọ́n ní, "Bàbá ẹlẹ́ja, ẹ ṣí i ká rí i."

"Mo ní obòkún ni," ni Bàbá Ràájí wí fún mi, "ṣùgbọ́n mo ti bá ẹnì kan ṣe àdéhùn lórí rẹ̀. Ó ní kí n kàn jẹ́ kí òun rí orí rẹ̀. Mo ní kò lórí."

Ìbọn ológun ni. Ìjọba ti lò ó títí, wọ́n pa á tì, wọ́n sì tà á pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ. Bàbá Ràájí ra ọ̀kan nítorí Ìléyá. Ní àdúgbò wọn, bí wọ́n bá ti kírun tán ní yídì, ẹnì kan nínú ìdílé wọn ló máa ń yìnbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí ìhà ọ̀sà kí àwọn ènìyàn tó tú ká lọ pa àgbò. Bàbá wọn fi ṣakabùlà ṣe é. Bàbá Ràájí fẹ́ fi ìbọn ológun ṣe é. Ọdún díẹ̀ ni wọ́n fi rí i ṣe kí ìdí ìbọn náà, níbi tí a ti ń ki ọta sí i, tó kọ̀ tí kò ṣí mọ́.

Ìyàwó wọn, Ìyá Ràfátù, tó ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo, ló sọ ohun tó bà á jẹ́ fún mi.

"Atẹ́gùn ọ̀sà máa ń jẹ irin. A ní níbo la máa gbé e sí? Ẹja tó bá wà lórí àjà ààrò mi kì í bàjẹ́, a rò pé ìbọn náà á rí bẹ́ẹ̀. A gbé e síbẹ̀. Bàbá Ràfátù tún ní kí n máa da epo pupa sí i lẹ́nu, kí inú rẹ̀ má baà gbẹ. Mo dà á. Ọdọọdún ni mo dà á, bí ẹni ń bọ́ ọmọ."

Epo yan, èéfín bò ó, ọ̀rá ẹja kán sí i lára. Nígbà tí bàbá àgbà tú ẹní náà sílẹ̀ ní Lásúnwọ̀n, ohun tí wọ́n rí jọ igi tó jóná. Ológbò mẹ́ta ló kọ́kọ́ dé síbẹ̀. Bàbá àgbà fi èékánná họ ibì kan, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n wo ọ̀rẹ́ wọn lójú.

"Ràájí, ìbọn lo gbé wá fún mi, àbí oúnjẹ alẹ́?"

"Bí o bá lè tún un ṣe, tún un ṣe. Bí o ò bá lè ṣe é, fi se ọbẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i ní yídì kí n tó kú."

Láti ìgbà ọyẹ́ títí wọ inú ìgbà òjò ni bàbá àgbà fi wà nídìí iṣẹ́ náà. Wọn ò jẹ́ kí irin líle kan an lára. Omi gbígbóná àti ọṣẹ dúdú ni wọ́n fi rẹ èéfín, igi ọ̀pẹ tí wọ́n gbẹ́ pẹlẹbẹ ni wọ́n fi họ ọ́. Níbi tí ó ti dípẹtà, wọ́n rẹ ẹ́ sínú epo òyìnbó tí a fi ń tan fìtílà, wọ́n wá fi àfọ́kù idẹ, tí wọ́n gé lára fìtílà àtijọ́ kan, họ ìpẹtà náà kúrò. Idẹ rọ̀ ju irin ìbọn lọ, kì í fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀. Epo pupa tó yan sínú ọ̀pá ìbọn ló pẹ́ jù. Ó ti di bí òkúta. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń da epo òyìnbó sí i, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ọ̀pá tí wọ́n wé aṣọ mọ́ lórí tì í, tí díẹ̀ sì ń jáde.

Igi ìdí ìbọn ló dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Ó ti rọ́ sínú ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọ̀nà tí wọ́n kọ́ nínú ogun ni pé kí wọ́n tẹ́ aṣọ tútù sí ojú ibẹ̀, kí wọ́n fi irin gbígbóná lé e, kí ooru omi gbé igi náà padà sókè. Áyọ́ọ̀nù eléèédú tí ìyá àgbà fi ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n mú, wọn ò sì sọ fún ìyá àgbà.

"Lọ́jọ́ Ìsinmi," ni ìyá àgbà wí, "mo jókòó ní ìlà kejì. Ìyàwó olórin yí padà, ó ní, 'Ìyá, ẹ ti se ọbẹ̀ tán kí ẹ tó wá, ẹ kú iṣẹ́.' Mo gbọ́ òórùn ara mi. Mo délé, mo ní, Bàbá Débọ̀, kí lẹ fi áyọ́ọ̀nù mi ṣe? Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní, 'Lọ sọ fún un pé ìbọn ni.'"

Bàbá Ràájí wá wo iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì kí Ìléyá tó sún mọ́. Ìgbà kejì, ìbọn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Igi rẹ̀ ti mu òróró àgbọn, ó pọ́n bí obì. Ìdí rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé láìsí ariwo. Ṣùgbọ́n irin rẹ̀ dúdú.

"Jeremáyà, nígbà wo ló máa dán?"

"Kò ní dán."

"Mo fẹ́ kí ó rí bíi tuntun."

"Lọ ra tuntun nígbà náà. Èyí ti dàgbà. Jẹ́ kó dàgbà."

Ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá kí wọn láti Èkó, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ìkẹyìn. Wọ́n fi epo òyìnbó pa ọ̀pá ìbọn náà, wọ́n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, wọ́n nù ún títí ó fi gbẹ. Wọ́n wá lọ ẹfun, wọ́n bù ú sí i lára títí gbogbo rẹ̀ fi funfun. A jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìlà dúdú kan yọ lójú ẹfun náà, nítòsí ibi tí ọta máa ń wà, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Epo tó ti wọ ibi tó là ló ń sun jáde.

Bàbá àgbà mú àkísà. Wọ́n nù ún, wọ́n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlà náà yọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe é. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n pè mí.

"Ìwọ oníròyìn, kí lo rí?"

"Ìlà ni, Bàbá."

"Èmi náà rí i."

Mo mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bàbá Ràájí ti sọ fún Lemọ́mù, wọ́n ti sọ fún àwọn apẹja, wọ́n ti sọ fún gbogbo ìsọ̀ ẹja ní Ọjà Olúwo pé ìbọn máa dún lọ́dún yìí. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò lè fi idẹ dí i? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ yìn ín. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀."

Wọ́n gbé ìbọn náà sí èjìká bí ẹni fẹ́ yìn ín, wọ́n sì fi ìka kan ibi tí ìlà náà wà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ló bọ́ sí.

"Èmi á mọ̀," ni wọ́n wí. "Ojú Ràájí náà á mọ̀."

A jọ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bàbá Ràájí pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n tú ẹní, wọ́n fi ọwọ́ pa igi náà, wọ́n ṣí ìdí rẹ̀, wọ́n pa á dé. Nígbà náà ni bàbá àgbà ní, "Ràájí, ó ti là. Kò ṣeé yìn."

Ẹ̀rín náà lọ.

"Kò là nígbà tí mo gbé e fún ọ."

"Ó là. Èéfín ẹja ìyàwó rẹ ló bò ó."

Ìyá Ràfátù sọ̀rọ̀ láti ìdí ààrò: "Ẹ yọ ẹja mi kúrò nínú ọ̀rọ̀ yín."

"Ìwọ lo jẹ́ kí epo òyìnbó jẹ ẹ́," ni Bàbá Ràájí wí. "Oṣù márùn-ún. Ta ló ń nu ìbọn fún oṣù márùn-ún?"

"Jẹ́ ká dán an wò. Ká so ó mọ́ igi àgbọn, ká fi okùn gígùn fà á, kí gbogbo wa dúró lókèèrè," ni bàbá àgbà wí.

"Bí ó bá bú, mi ò ní ìbọn mọ́. Bí kò bá bú, wàá ní ká tún fà á. Mo mọ̀ ọ́, Jeremáyà. Títí á fi bú lo máa ní ká máa fà á."

Bàbá àgbà mọ̀ pé òótọ́ ni. Wọ́n gba ìbọn náà, wọ́n tú ìdí rẹ̀ lójú gbogbo wa, wọ́n yọ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń gún ìdí ọta kí ìbọn tó dún. Wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n fi sápò. Wọ́n to ìyókù padà, wọ́n gbé ìbọn náà lé itan ọ̀rẹ́ wọn.

"Ìbọn rẹ nìyí. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ kú, wá gbà á."

"Jáde nílé mi."

A jáde. A ò jẹun, a ò mu omi. Ìyá Ràfátù sáré bá wa dé ẹ̀bùté pẹ̀lú agbọ̀n ẹja, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀. A ti rìn jìnnà lórí omi nígbà tí bàbá àgbà tẹ̀ síwájú. Wọ́n gbóòórùn agbọ̀n náà.

"Ó ń rùn bí ìbọn," ni wọ́n wí.

Mi ò sí ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Ìléyá. Ohun tí mo mọ̀, ẹnu Ìyá Ràfátù ni mo ti gbọ́ ọ, àwọn mẹ́ta mìíràn tó wà ní yídì sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an.

"Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ní kí ọkọ mi fi ìbọn náà sílẹ̀ nílé. Ó ní òun ti ṣèlérí. Ó ní òun á gbé e sókè kí wọ́n rí ẹwà rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín. A kírun tán. Gbogbo ènìyàn dúró. Ó jáde síwájú, ó gbé e sí èjìká, ó kọjú sí ọ̀sà. Mo wo ilẹ̀, torí mi ò fẹ́ wo ojú rẹ̀. Ó wí bísímílááhì. Gbàà! Mo gbójú sókè. Ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ìbọn sílẹ̀, ẹ̀rù bà á ju gbogbo wa lọ. Mo wá wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ògiri kan wà níbẹ̀, ó ti wó dé àárín. Èéfín ń jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì rí fìlà Bàbá Rọra."

Bàbá àgbà ti dé Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Wọ́n sùn sílé ẹni tó ń wa ọkọ̀, wọ́n sì gbé ṣakabùlà tiwọn dání, ẹ̀tù nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí ọta. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà ìyá àgbà.

"Ṣé àwọn ènìyàn ò rí i pé ìbọn Bàbá Ràájí kọ́ ló dún?" ni mo bi Ìyá Ràfátù.

"Gbogbo yídì ló rí i. Ẹnu ìbọn tirẹ̀ tutù, èéfín ń jáde lẹ́yìn ògiri. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lemọ́mù wo èéfín, wọ́n wo ìbọn, wọ́n ní, 'Àlùhámúdù lílááhì, ó dún.'"

Bàbá Ràájí rìn lọ sí ìdí ògiri náà pẹ̀lú ìbọn wọn. Oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn méjèèjì ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bàbá Ràájí ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"O pẹ́ díẹ̀."

"Ìwọ lo yára jù," ni bàbá àgbà fèsì. "Mo ní kí o máa rọra."

Àgbò Bàbá Ràájí ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà. Ní Ìléyá tó tẹ̀ lé e, bàbá àgbà tún lọ. Àwọn ènìyàn ti ń fi ààyè sílẹ̀ fún wọn lẹ́yìn ògiri.

Nígbà tí a ránṣẹ́ ikú sí Ẹ̀pẹ́, Bàbá Ràájí wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n dé Lásúnwọ̀n kí a tó kan pósí pa, wọ́n gbé ohun gígùn kan tí wọ́n fi ẹní wé dání. Òórùn rẹ̀ ti dín kù, ṣùgbọ́n ológbò kan ṣì tẹ̀ lé wọn wọlé. Mo mú aṣọ funfun náà fún wọn. Mo ní, "Bàbá, tiyín nìyí."

Wọ́n tú u. Wọ́n yí irin náà láàárín ìka méjì. Òróró rẹ̀ tuntun ni. Ọwọ́ bàbá àgbà ti ń gbọ̀n, síbẹ̀ wọ́n ń nù ún.

"Àpò wo ló wà?"

"Àpò àyà, sà."

Wọ́n wo ọ̀rẹ́ wọn nínú pósí. Wọ́n wé irin náà padà, wọ́n na ọwọ́, wọ́n sì tì í sínú àpò àyà aṣọ funfun tí a wọ̀ fún bàbá àgbà.

"Jẹ́ kó máa bá mi tọ́jú ẹ̀," ni wọ́n wí. "Mi ò tíì fẹ́ kú."

Lẹ́yìn tí àlùfáà parí àdúrà létí ibojì, àwọn ọdẹ fẹ́ yìnbọn. Bàbá Ràájí gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dúró. Wọ́n tú ẹní, wọ́n jáde síwájú, wọ́n gbé ìbọn ológun náà sí èjìká, wọ́n kọjú sí ìhà ọ̀sà. Wọn ò wẹ̀yìn.

"Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni kó wà lẹ́yìn mi," ni wọ́n wí.

Ọdẹ Ìbẹ̀ṣè tó jẹ ọsàn ọjọ́sí gbé ṣakabùlà bàbá àgbà lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀tù nìkan ni," ni ó wí létí mi. Mo dúró lẹ́yìn àwọn ènìyàn. Mi ò yìnbọn rí. Mo ń wo ẹ̀yìn àgbàlagbà náà, bí aṣọ wọn ṣe fẹ̀ lójú afẹ́fẹ́, bí orí wọn ṣe tẹ̀ mọ́ igi ìbọn tó pọ́n bí obì. Mo gbọ́ tí wọ́n wí bísímílááhì. Mo fà á.

Nígbà tí èéfín ká kúrò, Bàbá Ràájí ṣì dúró bẹ́ẹ̀, ìbọn wà ní èjìká wọn.

"O pẹ́ díẹ̀," ni wọ́n wí.